Ta Ló Ni Fáìlì Yìí?

Kọ̀ǹpútà mi kò ní káàdì NVIDIA, irú èyí tó ń gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà. Intel ni gbogbo inú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé ọdún méjì péré ni òyìnbó tó ni ín fi lò ó, àfi bíi pé òun àti òyìnbó ọ̀hún jọ gbé ilé kan. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2025, NVIDIA ló dá mi dúró lójú ọ̀nà.

Mo ti tẹ `sudo pacman -Syu`, àṣẹ tó ń sọ gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà di tuntun, tí ẹni tó bá ń lo Arch Linux máa ń tẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ẹrù ti wọlé tán. Dátà tó lé ní gígábáìtì kan ti bá a lọ. Mo ti dìde kí n lọ bu omi mu, ni mo bá rí èyí:

error: failed to commit transaction (conflicting files)
linux-firmware-nvidia: /usr/lib/firmware/nvidia/ad103 exists in filesystem
linux-firmware-nvidia: /usr/lib/firmware/nvidia/ad104 exists in filesystem
linux-firmware-nvidia: /usr/lib/firmware/nvidia/ad106 exists in filesystem
linux-firmware-nvidia: /usr/lib/firmware/nvidia/ad107 exists in filesystem
Errors occurred, no packages were upgraded.

Mo tún jókòó. Omi di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Mo fẹ́ kí ẹni tí kò lo Linux rí náà bá mi lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà náà ṣe rí. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, a kì í sábà lọ wá ètò kọ̀ọ̀kan kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà tó ń bá wa di ẹrù. Wọ́n á kó gbogbo fáìlì tí ètò kan nílò, wọ́n á dì í pọ̀, wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí i lára, wọ́n á gbé e sí ilé ẹrù. Bí o bá ní o fẹ́ ẹ, pacman á gbé e wá, á tú u, á gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, ní /var/lib/pacman/local, pé ẹrù báyìí ló gbé fáìlì báyìí wá. Lórí Debian àti Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux bíi Arch, dpkg ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, /var/lib/dpkg ni ìwé tirẹ̀ wà. Fódà lè jẹ́ ti gbogbo ayé, bí ojúde. Fáìlì ní olóhun kan ṣoṣo. Yorùbá ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Lọ́dọ̀ pacman, ẹni tó lẹrù ló ni gbogbo ohun tó jáde nínú rẹ̀.

Ohun tí ìlà pupa yẹn ń sọ kò ju èyí lọ: mo gbé ẹrù dé, mo bá nǹkan kan níbi tí mo fẹ́ gbé e sí, n kò sì rí ìwé tó ní kí n lé e kúrò. Mo ti rí àwọn tó ń bú pacman nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ti bú u rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn dáadáa. Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó ti wo gbogbo ilé láti yàrá dé yàrá kí ó tó gbé ẹrù kankan lé ilẹ̀, nígbà tó sì rí ohun tí kò yé e, ó kó gbogbo ẹrù padà síta. Kọ̀ǹpútà mi ṣì wà bó ṣe wà láàárọ̀.

Ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀ ni `--overwrite '*'`. Ìràwọ̀ kékeré yẹn túmọ̀ sí ohunkóhun, níbikíbi. Fáìlì yòówù tí o bá bá níbẹ̀, kọ tìrẹ lé e lórí, má bi mí mọ́. Mo ti lò ó rí. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì yangàn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọdún 2021 ni. Mo ní iṣẹ́ kan tí mo ń fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò, ṣe, ìkánjú sì wà nídìí rẹ̀. Dípò kí n wá ẹrù tí àwọn adìrù Arch ti dì sílẹ̀, mo tẹ `sudo pip install`. Pip ló ń bá Python gbé ẹrù tirẹ̀, sudo ló ń fún un ní agbára ọ̀gá. Sudo yẹn ló jẹ́ kí pip wọ inú /usr, àgbàlá pacman, kí ó sì kó fáìlì síbẹ̀ láìfi tó pacman létí. Lára ohun tó kó wọlé ni irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ charset-normalizer. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ọ̀rọ̀ kan kí ó sì mọ irú ìkọ̀wé tí wọ́n fi pa á mọ́. Ẹni tó bá ti kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà rí mọ ìyà tí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: o kọ ẹ, o rán an lọ, ẹni tó gbà á rí áº¹.

Ní oṣù keje ọdún yẹn, requests, tí ogunlọ́gọ̀ ètò Python fi ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, gbé ẹ̀dà 2.26.0 jáde, wọ́n sì fi charset-normalizer rọ́pò chardet tí wọ́n ti ń lò bọ̀. Nígbà tó yá, pacman náà fẹ́ gbé charset-normalizer wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ẹnì kan nínú yàrá. Ìlà "exists in filesystem" tó jáde lọ́jọ́ náà kún ojú terminal títí èyí àkọ́kọ́ fi rá lókè.

Mo lo ìràwọ̀. Pacman kọ tirẹ̀ lé tèmi lórí. Ohun tí n kò rò ni pé kìkì fáìlì tí orúkọ wọn bára mu ni ó lè kọ lé lórí. Python máa ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà sára fódà kan tó parí sí .dist-info, ibi tí àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ náà wà. Ti pip ní nọ́ńbà kan, ti pacman ní nọ́ńbà mìíràn, nítorí náà fódà méjèèjì jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń ṣàpèjúwe irinṣẹ́ kan ṣoṣo, bí agbábọ́ọ̀lù tó ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí pápá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ètò kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣàròyé pé ẹ̀dà tí òun bá kọ́ ni òun ń wá. Mo bi pacman, ó ní tuntun ló wà. Mo bi pip, ó ní ti àtijọ́ ni. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi ń wá ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó kọ́kọ́ fi Linux hàn mí ní yunifásítì, nígbà tí wọ́n ṣì máa ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Òun ni mo pè lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí."

"Kí lo ṣe?"

Kò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí o tó kọ ọ́ lé e lórí, ṣé o bi í pé ta ló ni ín?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bi í, ẹ̀gbọ́n?"

"pacman, àlàfo, -Qo, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì. Ìgbà wo lo ti ń lo nǹkan yìí?"

N kò dáhùn ìyẹn. Mo dán an wò lórí ọ̀kan nínú àwọn fáìlì àtijọ́ tó ṣẹ́kù. Ó ní "No package owns", kò sí ẹrù kankan tó ni ín. Ó wà nílẹ̀, kò sí nínú ìwé.

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ìgbà yẹn n kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Bàbá mi ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ó san owó, wọ́n jẹ obì, wọ́n já rìsíìtì fún un, ó ki rìsíìtì bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Kò dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ rí. Ọdún pọ̀ díẹ̀ kí a tó padà lọ wo ilẹ̀ náà, a dé ibẹ̀, a bá búlọ́ọ̀kù tó ti ga dé àyà ènìyàn. Ẹni tó ń kọ́lé bínú sí wa bí a ṣe bínú sí i. Olè kọ́. Ó ti lọ wo ìwé, ìwé ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bàbá mi náà kì í purọ́. Ìwé àti ilẹ̀ ni kò bára mu, àwọn méjèèjì sì ti gbà á gbọ́, ọ̀kan gba ìwé gbọ́, èkejì gba ilẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà gba ọdún púpọ̀ àti ìpàdé ẹbí tí n kò fẹ́ rántí.

Nínú ọ̀rọ̀ charset_normalizer yìí, èmi ni mo wà ní ipò bàbá mi: mo ti wà lórí ilẹ̀, n kò forúkọ sílẹ̀. Èmi náà ni mo tún lọ gbé katapílà wá wó ilé ara mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó gbé e wọlé ni kí ó gbé e jáde: `sudo pip uninstall charset-normalizer`, kí pacman sì wá gbé tirẹ̀ wọlé ní ìrọ̀rùn. Ní òde òní, pip fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀. Láti ìgbà tí Debian 12 ti jáde ní 2023, bí o bá fẹ́ fi pip kó nǹkan sínú ilé ètò níbẹ̀, á sọ fún ọ pé "externally-managed-environment", ilé yìí ní alábòójútó. Arch náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tó dé. Èmi dúpẹ́. Bí o bá ta kú, ọ̀nà wà fún ọ, orúkọ ọ̀nà náà sì ni `--break-system-packages`. N kò tíì rí àṣẹ mìíràn tí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan rí, ohun tó le ju ìràwọ̀ lọ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo pacman: `--force`. Ní oṣù keje ọdún 2012, Arch pinnu pé /lib kò ní jẹ́ fódà gidi mọ́. Ó máa di symlink, pátákó lásán tó ń darí ẹni sí /usr/lib. Ẹrù glibc ló gbé àyípadà náà wá. Pacman dé ibẹ̀, ó rí i pé fódà gidi ṣì ni /lib, ó ní ó ti wà níbẹ̀, ó dúró. Wọ́n kìlọ̀ síta pé kí ẹnikẹ́ni má fi --force sí i. Àwọn kan fi sí i. Ẹ rántí pé glibc ni gbogbo ètò yòókù rọ̀ mọ́, títí dé ls àti cp. Bí o bá ṣí i kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, kò sí èyí tó máa dìde nínú wọn, irinṣẹ́ tí o bá sì fẹ́ fi tún un ṣe wà lára àwọn tí kò lè dìde. USB tí wọ́n fi gbé Arch wọlé lákọ̀ọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn padà sí.

Nígbà tí pacman 5.1 jáde ní 2018, wọ́n fi --overwrite rọ́pò rẹ̀, o sì ní láti dárúkọ ibi tí o fẹ́ kí ó kọ lé lórí. Wọ́n gba àdá, wọ́n fún wa lọ́bẹ. Èmi tí mo fi ìràwọ̀ sí i, mo tún lọ rọ ọ̀bẹ yẹn padà di àdá.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́ẹ̀bù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ubuntu 22.04 ló wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó pè mí ní alẹ́ kan.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́ o. Kò gba nǹkan kan mọ́. Ohunkóhun tí mo bá ní kó gbé wọlé, á ní òun ò ṣe."

Mo ní kó ya ojú kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Láàárín ọ̀rọ̀ tó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìlà kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì:

trying to overwrite '/usr/include/node/common.gypi', which is also in package libnode-dev 12.22.9~dfsg-1ubuntu3

Ìjà yìí yàtọ̀ sí tèmi. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹrù méjì tó ní ìwé lọ́wọ́ ló pàdé lórí àyè kan. Node ni ètò tí wọ́n fi ń mú JavaScript ṣiṣẹ́. Èyí tí Ubuntu ní, 12.22.9, ti gbó jù fún kíláàsì wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ mú 18 láti ilé ẹrù mìíràn níta. Bí aṣọ ìdílé kan ni Node rí lọ́wọ́ àwọn adìrù méjì yìí. Debian, tí Ubuntu ń tẹ̀lé, gé e sí wẹ́wẹ́, lára wọn ni nodejs, libnode72, àti libnode-dev fún àwọn tó fẹ́ fi kọ́ nǹkan lé e lórí. Ti ìta dì í ní odidi, ó sì pè é ní nodejs. Nígbà tí àbúrò mi ní kí nodejs tuntun wọlé, apt, ọ̀gá tó ń rán dpkg níṣẹ́, rò pé nodejs kan ń rọ́pò nodejs kan. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nodejs tuntun yìí gbé ẹrù libnode-dev mọ́ra. Libnode-dev sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé npm, irinṣẹ́ tó ń bá Node gbé ẹrù, wọlé, npm ló fà á wá.

Àwọn Debian ní ìlànà fún irú èyí láti ìgbà pípẹ́. Bí fáìlì bá fẹ́ kúrò nínú ẹrù kan bọ́ sí òmíràn, ẹrù tuntun gbọ́dọ̀ kọ "Replaces" sínú ìwé ara rẹ̀, pé òun gba àyè lọ́wọ́ lágbájá, kí ó sì kọ "Breaks", pé òun àti lágbájá ti ìgbà kan kò lè jọ gbé. Bí ìwé yẹn bá wà, dpkg á fi orúkọ olóhun tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láìsí ariwo. Ìwé yẹn ni kò sí nínú ẹrù tí àbúrò mi gbé wọlé.

Ohun tó dẹ́rù bà á ni pé kọ̀ǹpútà kọ gbogbo nǹkan. Ìyẹn wá láti ara ìwà dpkg. Pacman máa ń wo gbogbo ilé kó tó gbé ẹsẹ̀. Dpkg ń tú ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó bá ti bá ìjà pàdé ni ó ti ń mọ̀, nígbà yẹn àwọn kan ti tú, àwọn kan ṣì wà nínú àpò. Apt á wá kọ̀ láti ṣe ohunkóhun mìíràn títí wọ́n á fi parí èyí tó wà nílẹ̀.

"Tẹ dpkg -S, kí o fi orúkọ fáìlì yẹn tẹ̀lé e."

"Ó ní libnode-dev."

"Ṣé o ń lo libnode-dev?"

"Bọ̀dá, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Yọ ọ́ kúrò."

Ó yọ ọ́. Ó tún gbìyànjú. "Òmíràn tún ti dé o! Ó ní node.stp, ó ní ti libnode72 ni."

"Ìdílé kan náà ni. Yọ ìyẹn náà."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ó ní ẹnì kan nínú kíláàsì wọn ti sọ fún òun pé kí òun kàn fi `--force-overwrite` sí i. Mo sọ fún un pé ó máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ubuntu bá gbé libnode-dev tuntun jáde, libnode-dev á tún padà wá sí orí fáìlì kan náà, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, o ò sì ní rántí ohun tí o ṣe lónìí. Ó ní òun á rántí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rántí ara mi.

(Fáìlì tí ẹni fi ń sọ bí ètò ṣe máa ṣiṣẹ́, irú èyí tó wà nínú /etc, ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù. Bí o bá ti fọwọ́ kàn án, dpkg á dúró, á bi ọ́ bóyá tìrẹ ni kó dúró tàbí tuntun, bí o bá sì tẹ Enter lásán, tìrẹ ló máa fi sílẹ̀. Pacman ò ní bi ọ́. Á gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ tó parí sí .pacnew, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Tèmi ti pé mọ́kànlá, n kò tíì ka ọ̀kan nínú wọn.)

Bí mo bá ní kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní tòótọ́, ìjà tí kò pariwo ni. Debian náà sọ /lib di symlink, wọ́n sì rí i pé dpkg kò mọ̀ pé /lib/báyìí àti /usr/lib/báyìí ti di fáìlì kan náà. Nínú ìwé rẹ̀, orúkọ méjì ni, nítorí náà ohun méjì ni. Ẹ wá fojú inú wò ó: nínú upgrade kan ṣoṣo, fáìlì kan kúrò nínú ẹrù kìíní bọ́ sínú ẹrù kejì, ó sì kúrò ní /lib lọ sí /usr/lib. Dpkg gbé tuntun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìwé ẹrù kìíní, ó rí orúkọ àtijọ́ tí kò sí nínú ẹ̀dà tuntun mọ́, ó lọ pa á rẹ́. Ohun tó pa rẹ́ ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀. Kò sí ìlà pupa. Kò sí ẹni tó bi ọ́ léèrè. Fáìlì kàn ti lọ ni. Nítorí èyí, Debian fi òfin de kíkó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kiri títí Debian 12 fi jáde, lẹ́yìn ìyẹn ni Helmut Grohne àti àwọn mìíràn wá kó wọn lọ ní ẹrù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, kí Debian 13 tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yẹn, "exists in filesystem" ti dùn ún kà létí mi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí alẹ́ NVIDIA. Lọ́tẹ̀ yìí mo bi í. `pacman -Qo` ní linux-firmware ló ni àwọn ad103 wọ̀nyẹn. Nítorí náà olóhun wà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ta wá ni linux-firmware-nvidia tó ń jà á gbà? Ọmọ rẹ̀ ni. Firmware ni ètò kékeré tí káàdì kọ̀ọ̀kan inú kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹrù ńlá linux-firmware ni àwọn Arch ti tú, wọ́n sì pín in ní ìdí igi bí ogún olóbìnrin púpọ̀: ti NVIDIA lọ́tọ̀, ti AMD lọ́tọ̀, ti Intel lọ́tọ̀. Linux-firmware fúnra rẹ̀ di àpò òfìfo tó kàn ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ, ti NVIDIA pẹ̀lú, ni wọ́n sì ń gbé wá fún gbogbo ènìyàn, ìdí nìyẹn tí NVIDIA fi dé ilé Intel. Pacman mọ bí wọ́n ṣe ń pín irú ogún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ètò àwọn symlink inú fódà NVIDIA ti yí padà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe firmware náà, ìyẹn sì ni pacman kò lè bá yí. Ó ti wà lórí ojúlé Arch láti ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, pẹ̀lú oògùn rẹ̀: yọ linux-firmware kúrò pátápátá pẹ̀lú `pacman -Rdd`, má wo ẹni tó gbára lé e, lẹ́yìn náà gbé e padà wọlé pẹ̀lú `pacman -Syu linux-firmware`.

Yọ firmware kúrò. Wi-Fi mi wà nínú firmware yẹn. Mo mọ̀ pé káàdì náà ti gbé tirẹ̀ sínú láti àárọ̀ tí kọ̀ǹpútà ti jí, àti pé bí n kò bá pa á, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Mímọ̀ lọ́tọ̀, títẹ Enter lọ́tọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ.

Iná lọ.

Àdúgbò kígbe bó ṣe máa ń kígbe. Láptọ́ọ̀pù kò kú, bátìrì tòkunbọ̀ ṣì ní ìdá ọgbọ̀n ó lé nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí bí ogún ìṣẹ́jú tí ó bá wà ní ipò rere. Ráútà ló kú. Mo tẹ àṣẹ kejì, pacman ní òun kò lè bá ilé ẹrù sọ̀rọ̀. Mo jókòó sínú òkùnkùn, kọ̀ǹpútà tí kò ní firmware kan ṣoṣo lórí díìsìkì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń ké.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé gbogbo ẹrù ti wà nílé. Ẹ̀yìn tí pacman bá ti gbé ẹrù wọlé tán ló máa ń yẹ ìjà wò, ohun tí mo fi dátà rà ṣì wà nínú /var/cache/pacman/pkg, kò lọ síbì kan. Lẹ́tà y nìkan ló ń ní kó jáde lọ béèrè orúkọ ẹrù tuntun, ó sì ti béèrè ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo yọ y kúrò: `sudo pacman -Su linux-firmware`. Ó wo gbogbo ilé, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó tú ẹrù. Mo pa á, mo tún tan án, Wi-Fi rí hotspot fóònù mi.

Nítorí pé iná kò tètè dé, tí oorun sì ti dá lójú mi, mo tẹ `pacreport --unowned-files` láti mọ gbogbo fáìlì tí kò ní olóhun nínú ìwé. Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ìdọ̀tí Python 3.9 kan ṣì wà níbẹ̀ láti 2021, mo pa á rẹ́. Ọ̀kan wà tí n kò kọ́kọ́ mọ̀: /usr/bin/gbohun. Mo ṣí i. Ìlà mẹ́rin ni, ọwọ́ mi ni, 2019 ni mo kọ ọ́: ó ń mú voice note WhatsApp, ó ń sọ ọ́ di mp3, ó sì ń gbé ohùn rẹ̀ jáde létí ẹni. Mo gbé e sínú /usr/bin nígbà náà nítorí pé n kò mọ ibòmíràn, ó sì ti ń retí ẹrù kan tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

sudo mv /usr/bin/gbohun /usr/local/bin/

Mo fi voice note tó wà lókè pátápátá dán an wò. Ohùn màmá mi jáde nínú òkùnkùn, ó kọ́kọ́ kì mí, lẹ́yìn náà ó bi mí ìdí tí n kò fi pe òun láti ọjọ́ Ẹtì.